Olúgbádé àti Ìlà Keje

Ní oṣù kejì ọdún 1960, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń la àwọn ènìyàn létè ní Òkè Àdó, Àtọ́kẹ́ aránṣọ jókòó ti maṣíìnì rẹ̀, ó ń fi ọrùn sí ẹ̀wù akọrin kan. Asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri ń ka ìròyìn. Ó ní àwọn Faransé ti yin bọ́ǹbù átọ́mù ní aṣálẹ̀ Sàhárà, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù kí atẹ́gùn ọyẹ́ má gbé ekuru rẹ̀ wá sí ilẹ̀ wa. Àtọ́kẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Ó wo ekuru tó bo ojú fèrèsé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi tó máa ń bá a kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní ìlú ọba.

Lẹ́tà náà kò gùn. Àtọ́kẹ́ ní kí tíṣà kọ ọ́ báyìí pé: "Olúgbádé ọmọ mi, mo kí ọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Àwọn ará ìjọ ń bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní ìṣirò ni. Wọ́n ní ìṣirò kí ni. N kò rí èsì fún wọn. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọwọ́ rẹ wà nínú bọ́ǹbù yìí?"

Olúgbádé Adégbénró ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Òkè Àdó ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kú, abẹ́rẹ́ àti òwú ni ìyá rẹ̀ sì fi tọ́ ọ. Nígbà tó wà ní kékeré, bí Àtọ́kẹ́ bá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ tó fẹ́ gé e, ọmọ náà á dúró tì í, á wo aṣọ náà títí, á wá ní, "Ìyá mi, bí ẹ bá yí apá ẹ̀wù yẹn sí ẹ̀gbẹ́, aṣọ á tó, á tún ṣẹ́kù." Bí wọ́n bá yí i, aṣọ á tó, á sì ṣẹ́kù. Ìwé kò le fún un. Ó jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, wọ́n ràn án lọ́wọ́ lọ sí ìlú ọba, ó gba oyè Dókítà nínú ìmọ̀ ìṣirò, ó sì ríṣẹ́ sí ibi ìwádìí kan tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ agbára átọ́mù.

Kò fọwọ́ kan ohun tó léwu rí níbẹ̀. Pẹ́ńsù, bébà àti ẹ̀rọ ìṣirò tó ń fi ọwọ́ yí ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà nínú ayé tó ń tan ìtànṣán tí ojú kò lè rí, tó lè gba inú ògiri kọjá, tó sì lè ba ẹran ara jẹ́. Bí ìtànṣán yìí bá kọlu ògiri, òmíràn á kú sínú ògiri, òmíràn á ta padà, òmíràn á yà sọ́tùn-ún yà sósì kó tó rí ọ̀nà jáde. Iṣẹ́ Olúgbádé ni láti ṣírò iye tí yóò kọjá, kí ẹni tó ń kọ́lé lè mọ bí ògiri yóò ti nípọn tó kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má bàa fara gbá. Ní ọdún 1958, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ kan tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ojú ewé mọ́kànlá. Ní ojú ewé kẹsàn-án, ó to àtẹ kan tó ní ìlà mẹ́wàá: ògiri kọnkéré tó nípọn ní ínṣì mẹ́fà, méjìlá, méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé ọgọ́ta, àti iye ìtànṣán tí yóò gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá. Orúkọ rẹ̀ wà lókè: O. Adégbénró. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé. Àtọ́kẹ́ kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ àfi orúkọ yẹn, ó sì ń fi í han gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà ìyá rẹ̀ dé, ó yẹ kí ìdáhùn rọrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Olúgbádé fi wo lẹ́tà náà láìfèsì. Ìdí ni pé ní ọdún tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ gbé ìdì bébà kan wá bá a. Iye ló kún inú rẹ̀, kò sí àkọlé, kò sí àlàyé. Ọ̀gá ní kó ṣírò rẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Olúgbádé ṣírò rẹ̀, ó dá a padà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un ohun tí wọ́n fi ṣe. Òun náà kò béèrè. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ béèrè ló tó rí i pé ó yẹ kóun ti béèrè.

Ó kọ èsì níkẹyìn pé: "Ìyá mi, ògiri ni iṣẹ́ mi, kí ìtànṣán má bàa pa ènìyàn lára. N kò mọ nǹkan kan nípa ti àwọn Faransé. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan tí n kò mọ ohun tó wà fún. N kò lè búra lórí ìyẹn." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó kó ìyàwó rẹ̀, Fadékẹ́mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó kó àpótí ìwé méjì, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi wálé ní ìparí ọdún 1961.

Ibùdó rélùwéè ní Dùgbẹ̀ ni Àtọ́kẹ́ ti pàdé wọn. Ó gbá ìyàwó mọ́ra, ó yẹ ọmọ rẹ̀ wò látòkè délẹ̀, ó ní, "O ti rù."

"Òtútù ni, mà."

"Mo rí lẹ́tà rẹ gbà." Ó gba báàgì kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó ní òun kò lè búra, òun ló ṣeé gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, iṣu ti jinná nílé."

Wọn kò tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Olúgbádé ríṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, òun àti Fadékẹ́mi sì gba ilé kan ní Bódìjà, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ lójoojúmọ́ láàárín koríko, tí ọ̀dà ara fèrèsé kò tíì gbẹ tán. Fadékẹ́mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, Olúgbádé ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìṣirò láàárọ̀, ó sì ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́sàn-án. Bó ti ń wo àwọn bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́ ní Bódìjà ni ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn. Àtẹ tí òun ṣe ní ìlú ọba, kọnkéré ìlú ọba ni. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí ńkọ́, tí wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pò mọ́ra tí wọ́n ń fi ṣe búlọ́ọ̀kù? Ìtànṣán mélòó ni yóò dá dúró, mélòó ni yóò jẹ́ kó kọjá? Kò sí ìwé tó sọ ọ́. Ó pinnu láti ṣe àtẹ tuntun fún un.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni wọ́n ní láti yí ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹ̀ka rẹ̀ gbà kó wá olùrànlọ́wọ́ kan. Àwọn mẹ́rin ló wá fún àyẹ̀wò. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bébà ìṣirò kan, ó ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìkẹrin jẹ́ obìnrin tó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ó da ìborùn funfun borí, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Zùwáírátù Bùsàrí ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò fún ọdún mọ́kànlá ní ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí kan, ọkọ rẹ̀ sì ń ta pákó. Ó wo bébà náà, ó gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, kí ni wọ́n fẹ́ fi èyí ṣe?"

Olúgbádé ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè?"

"Bí mi ò bá mọ ohun tó wà fún, mi ò ní mọ̀ bí ìdáhùn bá ṣì."

Olúgbádé fa àga kan súnmọ́ ọn. Ó jókòó, ó ṣàlàyé ìtànṣán àti ògiri fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà á síṣẹ́ ní ọjọ́ náà.

Láti ọdún 1963, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà Àgbówó. Olúgbádé á kọ ìlànà ìṣirò, Zùwáírátù á yí ẹ̀rọ, á sì kọ èsì sínú ìwé ńlá. Bí àkókò ìrun Àsárì bá tó, á tẹ́ ẹní kékeré rẹ̀ sí igun yàrá, Olúgbádé á bọ́ síta lọ nasẹ̀. Kì í pè é ní orúkọ; "Ìyáàfin Bùsàrí" ló ń pè é. Zùwáírátù náà kì í pè é ju "Dókítà" lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Láàárín ọdún 1964, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànmú wá sí ọ́fíìsì náà. Ẹnjiníà ni. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni kan fún un lójú ọ̀nà Challenge, níbi tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ sí. Ìtànṣán ni ẹ̀rọ náà fi ń pa jẹjẹrẹ, ìtànṣán náà kò sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀. Àkànmú mú ìwé kan jáde nínú báàgì. Iṣẹ́ Olúgbádé ti ọdún 1958 ni.

"Mo rí i ní ibi ìkàwé," ló wí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo ka orúkọ, mo ní Adégbénró kẹ̀? Wọ́n ní Ìbàdàn níbí lẹ wà. Mo ní kí n kúkú wá bi yín fúnra yín. Ògiri tó kọjú sí ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì máa dúró, báwo ló ṣe yẹ kó nípọn tó?"

Inú Olúgbádé dùn, kò sì lè pa á mọ́ra. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì sí ẹnì kankan ní Ìbàdàn tó béèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́ yẹn. Ó ṣí ojú ewé kẹsàn-án, ó fi ìka lé ìlà keje. "Ínṣì méjìlélógójì tó," ló wí. Àkànmú kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, Zùwáírátù ń lo àtẹ kọnkéré àtijọ́ yẹn láti fi wé àwọn iye ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Olúgbádé ń ka ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ìṣirò ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ wá wo nǹkan kan."

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Zùwáírátù ti da ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ sórí bébà, ó sì ti pín ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e.

"Bí ògiri bá fi ínṣì mẹ́fà nípọn sí i, iye tó ń kọjá máa ń dín kù ní ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀, bóyá ó lé díẹ̀, bóyá ó dín díẹ̀. Ẹ wò ó, bó ṣe ń lọ láti òkè nìyí. Ṣùgbọ́n láti ìlà kẹfà sí ìkeje, ìlọ́po méjìlá ni. Láti ìkeje sí ìkẹjọ, kò tó mẹ́ta. Ó dà bí àtẹ̀gùn tí ìgbésẹ̀ kan rẹ̀ jìn ju ìyókù lọ."

Olúgbádé wò ó. Ó ní, "Ẹ tún ìṣirò yín ṣe."

"Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, Dókítà."

"Ìyáàfin Bùsàrí, ọlọ́gbọ́n mẹ́ta ló yẹ ìwé yẹn wò ní ìlú ọba kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́." Ohùn rẹ̀ le ju bó ti fẹ́ lọ.

Zùwáírátù kò gbé ojú kúrò lórí bébà. "Bóyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pín in," ló wí jẹ́jẹ́.

Olúgbádé padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé ìdánwò kan, ó ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì mọ ohun tó kà. Níkẹyìn ó dìde, ó ní òun ń lọ sílé.

Àwọn àpótí ìwé méjì tó gbé ti ìlú ọba wá wà ní yàrá ẹ̀yìn ní Bódìjà. Ó tú wọn sílẹ̀ títí ó fi rí ìwé ìṣirò rẹ̀ ti ọdún 1957. Ó wá ojú ewé náà, ó sì rí i. Ní òkè ojú ewé, níbi tí ìṣirò ti parí, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ dáadáa: nínú ìtànṣán mílíọ̀nù mẹ́wàá, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni yóò kọjá. Ní ìsàlẹ̀, níbi tó ti da àtẹ náà kọ kó lè fi ránṣẹ́ fún títẹ̀, ó gbé mẹ́ta ṣáájú, ó fi mẹ́jọ tẹ̀ lé e. Méjìdínlógójì ló di. Kò sí ẹlòmíràn tí a lè dá lẹ́bi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni Fadékẹ́mi ti bá a nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí bébà káàkiri ilẹ̀.

"Kí ló sọnù?"

"Kò sí ohun tó sọnù. Mo ṣì í kọ ni." Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní ògiri tí wọ́n ń kọ́ lójú ọ̀nà Challenge yóò jẹ́ kí ìtànṣán tó kọjá ju ìlọ́po méjì ohun tí òun sọ lọ.

"Ta ni yóò máa dúró lẹ́yìn rẹ̀?" ni Fadékẹ́mi béèrè.

"Àwọn nọ́ọ̀sì," ló wí.

Fadékẹ́mi jókòó sórí àpótí kejì. Kò bínú, kò sì tù ú nínú. Ó kàn ní, "Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ọkọ̀ wà níta."

Wọ́n jọ lọ ni. Àkànmú ṣì wà níbi iṣẹ́, bàtà rẹ̀ kún fún sìmẹ́ǹtì. Ògiri náà ti ga dé àyà ènìyàn. Olúgbádé fi ìwé méjèèjì hàn án, èyí tí wọ́n tẹ̀ àti èyí tí òun fi ọwọ́ kọ, ó sọ ọ̀rọ̀ náà láìfi ohunkóhun bò. Àkànmú gbọ́ ọ tán, ó wo ògiri, ó tún wo ìwé.

"Mélòó la ó fi kún un?"

"Ínṣì mẹ́ta, kó lè dá mi lójú."

"Á ṣeé ṣe. A ó rọ ọ́ mọ́ ọn láti ìta." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ká ní a ti gbé òrùlé lé e ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ta ló rí i?"

"Ìyáàfin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́."

"Ẹ bá mi kí wọn dáadáa."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Olúgbádé dé ọ́fíìsì ṣáájú Zùwáírátù. Nígbà tó wọlé, ó dìde fún un. "Ìyáàfin Bùsàrí, òótọ́ lẹ sọ. Ohùn tí mo fi dá yín lóhùn lánàá kò dára. Ẹ má bínú."

"Kò sí ìbínú, Dókítà," ló wí, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Olúgbádé rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Oṣù kìíní tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ yunifásítì fẹ́ jókòó lórí ìgbéga rẹ̀, ìwé tí ènìyàn tẹ̀ jáde sì ni wọ́n fi ń wọn olùkọ́. Iṣẹ́ ti ọdún 1958 ni ó tóbi jù nínú tirẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n ti tún ògiri ṣe, kò sí ẹni tó fara gbá, òun á kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà bí oṣù kìíní bá ti kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Zùwáírátù bi í, bí ẹni tó ń bi ènìyàn ní aago, pé, "Dókítà, ìwé yín yẹn, ibo ló dé?"

"Báwo?"

"Àwọn ìlú wo ló ní i?"

"Ó pọ̀. Amẹ́ríkà. Íńdíà. Gánà. Mi ò lè mọ gbogbo rẹ̀."

"Ẹnjiníà kan ló wá bi yín níbí. Àwọn tí kò lè wá bi yín ńkọ́?"

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, Olúgbádé lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Òkè Àdó. Àtọ́kẹ́ ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ránṣọ. Olúgbádé sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí ọ̀rọ̀ ìgbéga. Àtọ́kẹ́ gbọ́, ó ń fi ọwọ́ tú okùn aṣọ kan.

"Ọdún tí bàbá rẹ kú," ló wí, "ìjọ ní kí n gé bébà ẹ̀wù akọrin, èyí tí àwọn aránṣọ yòókù á fi gé aṣọ tiwọn, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Mo gé apá rẹ̀ kúrú. Aṣọ mẹ́ta tí èmi rán, mo tú u, kò sí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bébà náà ti wà lọ́wọ́ aránṣọ márùn-ún. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan nínú wọn bú mi bí ẹni ń bú olè."

"Ẹ kò sọ ìyẹn fún mi rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ ṣe? Aṣọ tí mo bá rán bà jẹ́, tèmi ni. Bébà tí mo bá gé bà jẹ́ tí mo wá kó o fún ènìyàn, kì í ṣe tèmi nìkan mọ́."

Olúgbádé kọ lẹ́tà náà ní ọjọ́ Ajé. Ó sọ fún àwọn tó ń tẹ ìwé onímọ̀ náà pé iye ìlà keje kò tọ́, ó kọ èyí tó tọ́, ó sì ní òun bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tètè tẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó fi gbólóhùn kan kún un ní ìparí pé Ìyáàfin Z. Bùsàrí ti Ìbàdàn ló rí àṣìṣe náà. Lẹ́yìn náà ó ṣe àkójọ gbogbo àwọn tó mẹ́nu ba iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tiwọn, mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ó sì kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Zùwáírátù ló lẹ àwọn àpòòwé. Méjìlá fèsì. Mẹ́wàá nínú wọn ní àwọn kò lo ìlà keje. Méjì lò ó lórí bébà, wọn kò tíì fi kọ́ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí kọ ọ́ pé òun ti ń ṣe kàyéfì sí iye náà láti ọdún méjì, ṣùgbọ́n òun rò pé òun lòun ṣìṣe.

Ìgbéga kò bọ́ sí i ní oṣù kìíní náà. Olúgbádé fúnra rẹ̀ ló ti fi lẹ́tà àtúnṣe náà sínú ìwé tó kó síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sì ní kó dúró kí iṣẹ́ tuntun rẹ̀ tó jáde. Ó dùn ún. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ní ibi ìjẹun àwọn olùkọ́. Fadékẹ́mi fi í sílẹ̀, ó sì máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ láìbéèrè ìdí tí kò fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó yá, ó ń jẹ ẹ́ tán.

Àtúnṣe náà jáde ní àárín ọdún 1965. Ìlà méje péré ni, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan tí ẹni tó bá ń kánjú kò ní rí. Zùwáírátù kà á, ó fi ìka kan orúkọ ara rẹ̀, ó béèrè bóyá òun lè mú ìwé náà lọ sílé fi han Àlíù ọkọ òun. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé náà lò níbẹ̀.

Ọdún náà le fún gbogbo ará Ìbàdàn. Ìjà òṣèlú gba ìgboro, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun mọ́tò, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí Zùwáírátù kò lè jáde nílé. Ṣùgbọ́n bó bá padà wá, á mú ojú ewé bíi mélòó kan dání tó ti fi pẹ́ńsù ṣírò nílé láìlo ẹ̀rọ, Olúgbádé á sì rí i pé wọ́n pé. Láti ìgbà náà, wọn kò da àtẹ kankan kọ láì pín ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀kan láti ọwọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láti ọwọ́ Zùwáírátù.

Àtẹ búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa jáde ní ọdún 1967, ojú ewé mẹ́rìnlá, orúkọ méjì ló sì wà lókè rẹ̀: O. Adégbénró àti Z. Bùsàrí. Ẹnìkan ní ẹ̀ka wọn bi Olúgbádé bóyá ó bójú mu kó kọ orúkọ olùrànlọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ìdajì iṣẹ́ náà ló ṣe. Èmi ló yẹ kí n béèrè bóyá ó bójú mu fún un." Ìgbéga rẹ̀ dé ní ọdún náà pẹ̀lú. Àtọ́kẹ́ kò rí i. Ó ti sùn nínú Olúwa ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, wọ́n sì sin ín láàárín àwọn ará ìjọ rẹ̀ láìsí ariwo, bó ti fẹ́.

Ní ọdún 1968, lẹ́tà kan dé láti Íńdíà. Onímọ̀ kan níbẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní agbègbè àwọn, ilẹ̀ pupa bíi ti Ìbàdàn ló yí i ká, kò sì sí sìmẹ́ǹtì tó tó. Ó fẹ́ mọ bóyá iye inú àtẹ náà lè yí padà bí búlọ́ọ̀kù bá ṣì ní omi nínú. Olúgbádé ṣí àpòòwé náà kó tó rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ó nà án sí Zùwáírátù.

"Ẹ má bínú, tiyín ni. Mo ti ṣí i."

Zùwáírátù gbà á, ó wo iwájú rẹ̀. "Wọ́n pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Bùsàrí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Olúgbádé ní bó bá fẹ́, òun lè bá a fèsì, nítorí ọ̀rọ̀ omi inú búlọ́ọ̀kù díjú díẹ̀.

"Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí, Dókítà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò."

Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ, ó pín, ó tún pín, ó kọ ojú ewé mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pé omi kì í ṣe ọ̀tá ògiri náà, pé búlọ́ọ̀kù tó tutù á dá ìtànṣán dúró díẹ̀ ju èyí tó gbẹ lọ, nítorí náà kí wọ́n fi èyí tó gbẹ ṣe ìṣirò wọn, kí wọ́n má fi ti ọ̀rinrin ọjọ́ òní tan ara wọn jẹ. Ó gbé e fún Olúgbádé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ àwọn iye wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò rí nǹkan kan tó fẹ́ yí padà. Ó dá a padà fún un, Zùwáírátù sì buwọ́ lù ú ní ìsàlẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó wá fi "Ìyáàfin" ṣáájú rẹ̀.

Olúgbádé fẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní kó mú lẹ́tà náà wá, òun á bá a jù ú sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Zùwáírátù ní ó ṣeun, ó ní ọ̀nà ibẹ̀ lòun náà máa gbà lọ sílé. Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ ni, ó sì bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í ránṣẹ́.